Fídíò iléeṣẹ́: báwo la ṣe ń fọ̀rọ̀ wá òṣìṣẹ́ lẹ́nu wò tí ara rẹ̀ kò fi ní le gbagidi níwájú kámẹ́rà?

OníláfúnMedia

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe gaàrí àti láfún nítòsí Abẹ́òkúta fẹ́ fídíò oníṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹni mẹ́jọ la ó bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo: ọ̀gá àgbà, ẹnjiníà tó ń tọ́jú ẹ̀rọ, ìyá méjì tó ń yan gaàrí, awakọ̀ kan, akọ̀wé owó, àti oníbàárà méjì. Kámẹ́rà méjì ló wà nílẹ̀, lapel (máíkì kékeré tí a ń há mọ́ aṣọ) méjì, iná LED méjì. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé òṣìṣẹ́ tọ́rọ̀ ń dá lẹ́nu rẹ̀ nígbà oúnjẹ ọ̀sán á di ẹni tó ń ka àkọ́sórí bí iná pupa kámẹ́rà bá ti tàn. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, láti orí ìpalẹ̀mọ́ títí dé ìgbà tí fídíò á dé ọwọ́ ẹni tó máa gé e.

Adétutù_GéFídíò

Orí ìbéèrè ni kí o ti bẹ̀rẹ̀.

Má fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí wọn ní kíkọ. Ẹni tó bá rí ìbéèrè ní kíkọ á kọ ìdáhùn sílẹ̀, á há a sórí, ibi tó bá sì ti gbàgbé ọ̀rọ̀ kan, á dúró, á ní kí ẹ jẹ́ kí òun tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Kókó mẹ́ta péré ni kí o fi ránṣẹ́: "A ó sọ̀rọ̀ nípa bí ẹ̀gẹ́ ṣe ń wọlé, bí ẹ ṣe ń mọ̀ pé gaàrí ti yan, àti ohun tó ti yí padà látìgbà tí ẹ ti débí." Ó tó. Ìwọ ni kí o ní ìbéèrè mẹ́jọ sí mẹ́wàá lọ́wọ́, lórí bébà kan ṣoṣo, kí o má baà máa ṣí ìwé wàlàwàlà níwájú wọn.

Wo bí ìbéèrè rẹ ṣe bẹ̀rẹ̀. Èyí tó bá fi "ṣé" tàbí "ǹjẹ́" bẹ̀rẹ̀, "bẹ́ẹ̀ ni" ló máa bí. "Báwo", "kí ló fà á", "kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ bí" ló ń bí àlàyé. Dípò "Ṣé ẹ fẹ́ràn iṣẹ́ yìí, mà?", bi ìyá náà pé: "Bí gaàrí bá wà nínú agbada, kí lẹ máa ń wò kí ẹ tó mọ̀ pé ó ti tó kó sílẹ̀?" Ẹnu rẹ̀ á là, nítorí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ lo béèrè. Kí ìbéèrè kan dá lórí ohun kan. Bí o bá so mẹ́ta pọ̀, èyí tó kẹ́yìn nìkan ni wọ́n máa dáhùn.

Ohùn rẹ kò ní sí nínú fídíò, nítorí náà ìdáhùn wọn gbọ́dọ̀ lè dá dúró. Má kàn sọ fún wọn pé "ẹ tún ìbéèrè sọ nínú ìdáhùn yín", kì í yé wọn. Fi hàn wọ́n: "Bí mo bá ní 'Ọdún mélòó lẹ ti lò níbí?', ẹ má dáhùn pé 'Méjìlá'. Ẹ ní 'Ó ti di ọdún méjìlá tí mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí.'" Kí wọ́n fi ìbéèrè yẹn gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan kí o tó tẹ kámẹ́rà.

Ohun kan tún wà nínú èdè wa tó máa ń ba ìdáhùn tó dára jẹ́: "ó" àti "wọ́n". Ẹnjiníà á ní, "Wọ́n á gbé e wá láàárọ̀, a ó bó o, a ó sì fọ̀ ọ́." Ta ni "wọ́n"? Kí ni "e"? Ìwọ tí o béèrè mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ń wo fídíò kò gbọ́ ìbéèrè rẹ. Fetí sí i, kí o sì béèrè lójú ẹsẹ̀: "Kí ni wọ́n ń gbé wá, sà?" Òun fúnra rẹ̀ á tún gbólóhùn náà sọ pẹ̀lú orúkọ nǹkan.

Baba_Lapel

Kí n fi kún ti Adétutù: pa ẹnu rẹ mọ́. Yorùbá kì í fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ kó dá sọ̀rọ̀. Bí ẹlòmíràn ṣe ń sọ̀rọ̀ là ń ní "ẹ̀n-ẹ́n", "hẹn-ẹn", "ẹ kú iṣẹ́", "Ọlọ́run ṣeun". Ìwà ọmọlúàbí ni nílé, àmọ́ nínú máíkì, orí ọ̀rọ̀ àlejò, ìyẹn ẹni tí ò ń bi léèrè, ni ohùn rẹ máa bọ́ sí, kò sì sí ọ̀bẹ tó lè yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. Fi orí àti ojú rẹ dáhùn: mi orí, rẹ́rìn-ín músẹ́, la ojú. Bí wọ́n bá sì sọ̀rọ̀ tán, ka ení, èjì, ẹ̀ta nínú ọkàn rẹ kí o tó béèrè òmíràn. Ọ̀pọ̀ ìgbà, nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni wọ́n máa ń sọ gbólóhùn tó dára jù, nítorí ohun tí wọ́n ti ṣètò láti sọ ti tán.

Ohùn wá kàn. Àwòrán tó ṣókùnkùn díẹ̀, ènìyàn lè fara dà á. Ohùn tí kò já gaara, wọ́n á pa fídíò náà dé.

Wọ inú yàrá tí ẹ fẹ́ lò ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, ní wákàtí kan náà tí ẹ ó lò ó. Fi headphone sétí, dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Wàá gbọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́, jẹnẹrétọ̀, fíríìjì, amúlétutù, àti ọ̀kadà lójú títì. Amúlétutù àti fáànù, pa wọ́n bí ẹ bá ti fẹ́ gbohùn, kí ẹ tan án padà láàárín ẹnì kan sí èkejì kí yàrá lè tutù. Fíríìjì, yọ ọ́ nínú iná, kí o sì fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ sínú rẹ̀. O kò lè lọ sílé láìṣí i, o kò sì ní gbàgbé láti tan án padà kí ẹran àwọn olóúnjẹ má baà bàjẹ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́, bá ẹnjiníà dúnàádúrà: ó lè sinmi fún ogún ìṣẹ́jú, kó ṣiṣẹ́ fún ogún. Jẹnẹrétọ̀ ní tirẹ̀, gbé e sẹ́yìn ògiri ní òdìkejì fèrèsé, kí wáyà extension tó nípọn, tó gùn tó 30 mítà, dé ọ̀dọ̀ yín. Èyí tó dára jù ni kí iná LED yín máa lo bátìrì, kí ẹ sì pa jẹnẹrétọ̀ pátápátá. Iná tó ń lọ sókè sódò kò ní ba ìmọ́lẹ̀ ojú àlejò jẹ́ nígbà náà.

Pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan nínú yàrá náà. Bí ó bá dún padà "pẹ̀ẹ́" sí ọ, táìlì àti ògiri lásán ló ń dá ohùn padà. Tẹ́ ẹní tàbí kápẹ́ẹ̀tì sábẹ́ àga, kí o fi kúbùsù tó nípọn kọ́ ẹ̀yìn kámẹ́rà àti ẹ̀gbẹ́ kan, níbi tí àwòrán kò dé. Bí òrùlé bá jẹ́ páànù tí kò ní síláǹgì, wo ojú ọjọ́ dáadáa ní oṣù kẹfà àti oṣù kẹsàn-án. Òjò orí páànù kò ní àtúnṣe.

Lapel: ibi tí ó yẹ kó wà ni àárín àyà, ní nǹkan bíi 15 sí 20 sẹ̀ntímítà sábẹ́ àgbọ̀n. Na ọwọ́ rẹ, láti àtàǹpàkò dé ọmọńdinrín, ìwọ̀n yẹn ni. Bí ó bá sún mọ́ ọrùn jù, ohùn á há sábẹ́ àgbọ̀n. Bí ó bá jìnnà, yàrá ni wàá máa gbọ́. Aṣọ wa ló ń fa wàhálà. Agbádá máa ń gbá máíkì nígbàkígbà tí wọ́n bá gbé e léjìká, nítorí náà ara bùbá abẹ́ rẹ̀ ni kí o há a mọ́, kí o sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ká agbádá sórí ìtan. Léèsì tó gan máa ń ha. Ìlẹ̀kẹ̀ iyùn máa ń lu máíkì ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá mí: gbé máíkì sókè orí ìlẹ̀kẹ̀ tàbí sí ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí kí wọ́n bọ́ ọ. Bùbá obìnrin kò ní bọ́tìnnì tí o lè há nǹkan mọ́, àfi kí o fi téèpù tí wọ́n fi ń lẹ ojú ọgbẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ọrùn bùbá. Kí obìnrin ló bá obìnrin ṣe é, kí o sì fún ìyá náà ní wáyà kó fúnra rẹ̀ gbé e gba abẹ́ aṣọ.

Ìwọ̀n ohùn: 48 kHz, 24-bit, kí ọ̀rọ̀ máa rìn ní agbègbè -12 dB, kí ẹ̀rín má kọjá -6. Má ní kí wọ́n ka "ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta" láti fi dán an wò. Béèrè ohun tí wọ́n jẹ láàárọ̀, ìwọ̀n ohùn tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ gan-an nìyẹn. Lapel kejì, má fi sí ara rẹ. Kọ́ ọ sórí ọ̀pá lókè orí àlejò ní 40 sí 60 sẹ̀ntímítà, kó jẹ́ ìdúródè bí àkọ́kọ́ bá ha. Bí lapel yín bá jẹ́ aláìníwáyà tó ń lo 2.4 GHz, pa Wi-Fi àti hotspot inú yàrá. Fóònù gbogbo ènìyàn, kí ó wà ní flight mode. Kì í ṣe silent, nítorí pé fóònù tó wà ní silent ṣì ń bá òpó sọ̀rọ̀, a sì máa ń gbọ́ "tìtìtì-tìtìtì" rẹ̀ nínú wáyà.

Lẹ́yìn ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo yín dákẹ́ níjòókòó fún ìṣẹ́jú àáyá 30 sí 60, kí máíkì máa gbohùn yàrá náà lásán. Adétutù á mọ ohun tí wọ́n ń lò ó fún.

Adétutù_GéFídíò

Òun la fi ń dí àlàfo ibi tí a bá ti gé ọ̀rọ̀. Láìsí i, gbogbo ibi tí mo bá gé á dún bí ìgbà tí ènìyàn di etí kó tún ṣí i.

Ìmọ́lẹ̀Dúdú

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa iná, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe àwọ̀ wa ṣìbáṣìbo jù lọ.

Kámẹ́rà tí ẹ bá fi sí auto kò mọ̀ pé ènìyàn ló wà níwájú òun. Ìmọ́lẹ̀ gbogbo àwòrán ló ń ṣírò, tó sì ń fà sí àárín. Bí ẹ bá gbé ẹni tó dúdú jókòó síwájú ògiri funfun ọ́fíìsì, ògiri ni kámẹ́rà máa tẹ̀ lé, ojú ẹni náà á sì di òjìji. Ẹ fi ọwọ́ yan ìmọ́lẹ̀, kí ẹ fi ojú ènìyàn ṣe ìwọ̀n. Bí kámẹ́rà yín bá ní zebra (ìlà tó ń hàn lójú kámẹ́rà láti fi ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ hàn, láti 0 dé 100), fún àwọ̀ dúdú, kí ibi tó mọ́lẹ̀ jù ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ wà ní nǹkan bíi 45 sí 55, fún ẹni pupa, 60 sí 70. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tì í pa. Ẹ wá ẹ̀yìn tí kò funfun: ilẹ̀kùn onígi, àpò gaàrí tí wọ́n tò jọ, ògiri aláwọ̀ ewé. Kí àlejò jìnnà sí ẹ̀yìn yẹn ní mítà kan ààbọ̀ sí méjì, ó kéré tán.

LED kìíní, fi í sínú softbox (àpótí aṣọ tó ń mú ìmọ́lẹ̀ rọ̀) tó fẹ̀ tó 60 sí 90 sẹ̀ntímítà, tàbí kí o na aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ síwájú rẹ̀. Gbé e sí mítà kan sí kan ààbọ̀ sí ojú, ní ẹ̀gbẹ́, kó ga díẹ̀ ju ojú lọ. Àwọ̀ dúdú máa ń dán, dídán yẹn ló sì ń fi ìrísí ojú hàn. Iná tó fẹ̀ ń fún un ní dídán tó rọra tàn kálẹ̀, iná kékeré tó wà ní ìhòòhò ń fi àmì funfun pàtó síwájú orí. Nítorí náà, ẹ má wá páúdà láti pa dídán yẹn. Páúdà tí kò bá àwọ̀ mu á sọ ojú di aláwọ̀ eérú nínú kámẹ́rà. Tíṣù ni kí ẹ fi tẹ òógùn mọ́lẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, ẹ má nù ún. Ní òdìkejì, pátákó fóòmù funfun ti tó láti dá ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ padà. LED kejì, ẹ̀yìn ni kó wà, kó máa tan sí irun àti èjìká láti òkè, kí orí dúdú má baà wọnú ẹ̀yìn dúdú lọ.

Gèlè àti fìlà máa ń ju òjìji sójú bí iná bá ga jù. Sọ iná kalẹ̀ títí ìwọ á fi rí ìmọ́lẹ̀ nínú ẹyin ojú wọn. Fún awò ojú, òdìkejì ni: gbé iná sókè tàbí sí ẹ̀gbẹ́ sí i, kí o sì ní kí wọ́n gbé apá awò kúrò lórí etí díẹ̀, kí dígí rẹ̀ dojú kọ ilẹ̀ díẹ̀.

Pa iná òkè ọ́fíìsì. Àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti LED yín, òmíràn nínú wọn sì ń ṣẹ́jú. Iná mànàmáná ilẹ̀ wa ń lọ ní 50 Hz, nítorí náà fírémù 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, shutter (àkókò tí kámẹ́rà fi ń gba fírémù kan) 1/50. White balance, ìyẹn ìwọ̀n àwọ̀ ìmọ́lẹ̀, 5600K, tì í pa. Bí ẹ bá ń lo fèrèsé, ìkùukùu tó ń kọjá á máa tan án, á máa pa á. Ẹ fi kọ́tìnì dí i bí ọjọ́ bá ń yí padà.

Ẹ ránṣẹ́ sí wọn nípa aṣọ ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ àti àpótí wẹ́wẹ́ lára ṣẹ́ẹ̀tì máa ń jó nínú kámẹ́rà. Léèsì funfun á mọ́lẹ̀ ju ojú lọ. Àdìrẹ tí bátànì rẹ̀ tóbi dára gan-an, Abẹ́òkúta sì lẹ wà.

OníláfúnMedia

Ẹ ṣeun púpọ̀. Níbo ni kí n jókòó sí? Ṣé kí wọ́n wo lẹ́ńsì ni àbí èmi?

Ìmọ́lẹ̀Dúdú

Ìwọ. Jókòó débi tí etí rẹ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan lẹ́ńsì, ní ẹ̀gbẹ́ tí iná ńlá wà. Ojú wọn á dojú kọ iná, òjìji díẹ̀ á wà ní ẹ̀gbẹ́ tó sún mọ́ kámẹ́rà, èyí ló ń fún ojú ní ìrísí. Bí o bá jìnnà sí lẹ́ńsì, ẹ̀gbẹ́ ojú nìkan la ó máa rí. Kámẹ́rà ga bí ojú àlejò nígbà tó jókòó, lẹ́ńsì láàárín 50 sí 85 mílímítà. Kámẹ́rà kejì sún mọ́ ojú sí i, ní ìgun nǹkan bí dígírì 30 sí ti àkọ́kọ́, kò sì gbọdọ̀ kọjá sí òdìkejì ibi tí o jókòó. Bí àlejò kìíní bá wo ọ̀tún, kí èkejì wo òsì. Nígbà tí ẹ bá tò wọ́n tẹ̀ léra, á dà bí ìgbà tí wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Àga onígi tí kò yí, tí kò ní apá, tí kò dún. Àga ọ́fíìsì tó ń yí á mú kí wọ́n máa mì láìmọ̀.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_PR

Mo gbà fún òṣìṣẹ́, n kò gbà fún ọ̀gá àgbà. Bí ó bá jẹ́ pé oníbàárà ló ń ṣe ìlérí fún, pé "gaàrí wa kò ní yanrìn", kí ó wo lẹ́ńsì gan-an. Ẹni tó ń ṣèlérí kì í wo ẹ̀gbẹ́. Kí ó sọ gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta báyẹn ní ìparí, kí ìyókù jẹ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò bíi ti àwọn yòókù.

Adétutù_GéFídíò

A lè fi ìyẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, bí kò bá ti kọjá ìṣẹ́jú àáyá 15. Bí ó bá gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìpolówó ló máa ń dà.

Mọ̀ńbẹ́_Agbọ̀rọ̀

Ẹ ti sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ dáadáa. Ohun tó ń mú ara òṣìṣẹ́ le, inú yàrá ló wà, ọ̀gá rẹ̀ sì ni.

Bí ọ̀gá bá dúró sí ẹ̀yìn kámẹ́rà, òṣìṣẹ́ kò tún bá ọ sọ̀rọ̀ mọ́, ọ̀gá ló ń jíṣẹ́ fún. Ọ̀rọ̀ á kún fún "iléeṣẹ́ wa tó lókìkí" àti "ọ̀gá wa tó jẹ́ baba rere". Kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn kí ọjọ́ náà tó pé pé àlejò, ẹni tó ń béèrè, ẹni tó di kámẹ́rà mú àti olóhùn nìkan ló máa wà nínú yàrá. Bí ọ̀gá bá fẹ́ gbọ́, kí ó gbọ́ ọ nígbà tí ẹ bá kó o fún un láti yẹ̀ wò. Sọ ìdí rẹ̀ fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Púpọ̀ nínú wọn máa ń gbà bí wọ́n bá mọ̀ pé fídíò ló máa jàǹfààní.

Ojú tún wà. Wọ́n ti kọ́ àwọn ọmọ wa pé kí wọ́n má ranjú mọ́ àgbà. Bí ẹni àádọ́ta ọdún bá ń bi awakọ̀ ọmọ ọdún 23 léèrè, ilẹ̀ ni ọmọ náà máa wò, ẹni tó ń wo fídíò á sì rò pé ó ń purọ́. Ìtẹríba ni. Má pàṣẹ fún un pé "wojú mi", ara rẹ̀ á tún le sí i. Kí ẹni tó súnmọ́ ọn lọ́jọ́ orí bi í léèrè, tàbí kí o sọ àga rẹ kalẹ̀ díẹ̀ kí ojú tó ń wolẹ̀ lè bá tìrẹ pàdé.

Ti àwọn ìyá yẹn yàtọ̀. Kí wọn bó ṣe yẹ, lórí ìkúnlẹ̀ tàbí ìdọ̀bálẹ̀, kí kámẹ́rà tó jáde nínú àpò. Béèrè orúkọ tí wọ́n fẹ́ kí o máa pè wọ́n: ìyá lágbájá, oyè ẹ̀sìn wọn, tàbí "mà" lásán. "Ẹ" ni gbogbo ìgbà, kódà bí ó bá jẹ́ pé òṣìṣẹ́ abẹ́ ni wọ́n. Wọ́n á fi "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run" bẹ̀rẹ̀ ìdáhùn kọ̀ọ̀kan. Fi wọ́n sílẹ̀, ó rọrùn láti gé. Bí wọ́n bá pa òwe dé ìdajì, ìwọ ni wọ́n ń retí kó parí rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àṣà. Má parí rẹ̀. Wo wọ́n, rẹ́rìn-ín, dúró. Wọ́n á parí rẹ̀ fúnra wọn, ohùn wọn nìkan á sì wà lórí rẹ̀.

Bí ìdáhùn kò bá dára tó, má sọ fún àgbà pé kò dára. Ní "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi ṣàlàyé rẹ̀ bí ìgbà tí ẹ ń kọ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ débí lónìí." Èkejì máa ń kúrú, ó sì máa ń ṣe kedere ju àkọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn ìgbà kẹta, fi í sílẹ̀. Láti ìgbà kẹrin lọ, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí o fẹ́ gbọ́.

Fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá jókòó tì wọ́n láìtẹ nǹkan kan. Bo iná pupa kámẹ́rà pẹ̀lú téèpù dúdú, tàbí kí o pa á nínú ètò rẹ̀. Má pariwo "action". Kí kámẹ́rà ti máa ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ ń sọ̀rọ̀ ọjà, kí ìbéèrè kìíní yọ wọlé láti inú ọ̀rọ̀ yẹn, lẹ́yìn tí o bá ti sọ fún wọn pé kámẹ́rà ti lè máa ṣiṣẹ́. Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù, má gbé e ṣáájú ìṣẹ́jú kẹwàá. Èyí tó kẹ́yìn fún gbogbo ènìyàn ni: "Kí ni ó yẹ kí n béèrè tí n kò béèrè?"

OníláfúnMedia

Ọ̀gá àgbà ti ní òun fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ òun sílẹ̀ kí òun máa kà á. Akọ̀wé owó sì ní Gẹ̀ẹ́sì ni òun máa sọ.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_PR

Gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, kà á, fà á ya sí ìbéèrè: ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan, ìbéèrè kan. Gbogbo ohun tó kọ á jáde, ṣùgbọ́n láti ẹnu rẹ̀. Bí ó bá ta kú, lo teleprompter (ẹ̀rọ tó ń fi ọ̀rọ̀ hàn níwájú lẹ́ńsì kí ènìyàn lè kà á) fún gbólóhùn ìlérí yẹn nìkan, kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi, kí ìlà rẹ̀ kúrú, kó sì jìnnà tó mítà méjì ó kéré tán, kí ojú rẹ̀ má baà máa rìn láti òsì sí ọ̀tún bíi ti ẹni tó ń kàwé.

Mọ̀ńbẹ́_Agbọ̀rọ̀

Èdè tí wọ́n fi ń bínú, tí wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín, òun ni kí wọ́n fi sọ̀rọ̀. Béèrè lọ́wọ́ akọ̀wé owó nígbà ìpalẹ̀mọ́. Bí ó bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì nítorí pé ó rò pé iléeṣẹ́ ló fẹ́ ẹ, jẹ́ kó mọ̀ pé àkọlé máa wà nísàlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ló rọ̀ ọ́ lọ́rùn lórí ọ̀rọ̀ owó, fi í sílẹ̀. Yorùbá tó ń dàpọ̀ mọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò burú, bí gbogbo wa ṣe ń sọ̀rọ̀ ní ọ́fíìsì nìyẹn.

Adétutù_GéFídíò

Àkọlé ìsàlẹ̀: ìlà méjì, kí ìlà kan má ju lẹ́tà 42 lọ. Ẹ dán font wò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà bíi "ẹ́" àti "ọ̀" kò ní àyè tiwọn nínú Unicode gẹ́gẹ́ bí ẹyọ kan. Lẹ́tà àti àmì ni kọ̀ǹpútà ń tò pọ̀, nítorí náà font tí kò dára á gbé àmì ohùn sí ẹ̀gbẹ́ tàbí kó fi àpótí òfìfo rọ́pò rẹ̀. Noto Sans ń gbé e dáadáa.

Orúkọ wọn pẹ̀lú. Ìbéèrè kìíní lẹ́yìn tí kámẹ́rà bá ti ń ṣiṣẹ́: "Ẹ dárúkọ yín, ipò yín, àti oyè yín bí ẹ bá fẹ́ kó hàn." Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sórí bébà fúnra wọn. Alhaja tí ẹ kọ "Ìyáàfin" fún kò ní dá fídíò yẹn mọ̀ ní tirẹ̀.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_PR

Ìwé ìyọ̀ǹda sì wà. Lábẹ́ Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti Nàìjíríà, ti ọdún 2023, dátà ẹni ni ojú àti ohùn tó fi ẹni hàn. Ẹ gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan ní kíkọ, lọ́tọ̀ sí ìwé ìgbanisíṣẹ́ wọn: ibi tí fídíò máa jáde, iye ìgbà tí yóò fi wà níta, àti ẹni tí wọ́n máa kàn sí bí wọ́n bá yí ọkàn padà. Ka ìwé náà ní Yorùbá fún ẹni tí kò ka Gẹ̀ẹ́sì kó tó fọwọ́ sí i. Sọ fún un pé ó lè kọ̀, kí o sì rí i pé ọ̀gá kò sí níbẹ̀ nígbà tí o bá ń sọ ọ́.

OníláfúnMedia

Mo gbàgbé láti sọ pé ọ̀kan nínú oníbàárà méjèèjì yìí ń ta oúnjẹ ilé ní Houston. Ibẹ̀ ni ó wà.

Àbúrò_Ní_Texas

Má gba ohùn àti àwòrán Zoom. Jẹ́ kí Zoom wà lórí kọ̀ǹpútà kí ẹ lè rí ara yín, kí ó sì fi kámẹ́rà ẹ̀yìn fóònù rẹ̀ gba àwòrán àti ohùn, lórí tripod (ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta), lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, ní ìga ojú. Kí ó pa fíríìjì ọjà fún àkókò náà bí ó bá lè ṣe é, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kí ó lọ sí yàrá ẹ̀yìn. Kí ó fi earphone gbọ́ ọ, kí ohùn rẹ má baà wọ inú máíkì. Iná mànàmáná Amẹ́ríkà ń lọ ní 60 Hz: tí fídíò yín bá jẹ́ fírémù 25, kí ó gbà á ní 25, ṣùgbọ́n kí shutter rẹ̀ jẹ́ 1/60, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ iná ọjà á máa ṣẹ́jú. Kí ó fi Google Drive ránṣẹ́. Bí ó bá fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí fídíò lásán, wọ́n á ti fún un mọ́lẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín.

Baba_Lapel

Ó ku méje nìyẹn fún ọjọ́ náà. Fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ya ìṣẹ́jú 45 sọ́tọ̀: mẹ́wàá fún ìkíni àti máíkì, 25 fún ọ̀rọ̀, ìyókù fún ìdákẹ́jẹ́ yàrá, fọ́tò kan, àti àtúntò. Wákàtí márùn-ún ó lé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ìṣẹ́jú nìyẹn, láìka oúnjẹ. Ẹ dé ní aago méje, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní mẹ́sàn-án. Má fi ọ̀gá ṣáájú, torí iná àti ohùn yín kò tíì dúró. Má fi í kẹ́yìn, torí ìpè lè gbé e lọ. Ipò kejì tàbí ìkẹta ló dára. Ẹnjiníà ni kí ó ṣáájú, torí ẹ nílò rẹ̀ láti pa ẹ̀rọ. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, má fi ẹnikẹ́ni sí agbègbè aago kan sí méjì.

Lójú ìwọ̀n 100 Mbps, kámẹ́rà kan ń jẹ 45 GB ní wákàtí kan. Méje lọ́nà 25 ìṣẹ́jú, nǹkan bí 130 GB fún kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan nìyẹn. Pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan níwájú kámẹ́rà méjèèjì ní ìbẹ̀rẹ̀ kí ohùn lè bá àwòrán mu. Da káàdì sórí hard drive méjì nígbà oúnjẹ, má dúró di alẹ́. Ọ̀kan bá ẹ lọ sílé, èkejì bá ẹlòmíràn lọ. Má nu káàdì kankan títí ẹ̀dà kẹta á fi wà níbòmíràn.

Ìmọ́lẹ̀Dúdú

Kí ẹ bẹ̀bẹ̀ fún àárọ̀ ọjọ́ kejì fún b-roll, ìyẹn àwòrán iṣẹ́ tí a máa ń fi sórí ọ̀rọ̀ àlejò. Ìgbà yẹn lẹ ti mọ ohun tí wọ́n sọ. Bí ìyá bá ní "àwọ̀ rẹ̀ àti ìró rẹ̀ nínú agbada ni mo fi ń mọ̀", ọwọ́ yẹn, agbada yẹn, èéfín yẹn lẹ ó lọ gbà, mẹ́wàá mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá, láti ọ̀nà jíjìn, láti ìtòsí, àti láti ibi tó súnmọ́ gan-an. Ẹ gba ìró agbada náà lọ́tọ̀ pẹ̀lú lapel tí ẹ há mọ́ igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí iná má dé wáyà.

OníláfúnMedia

Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Mo ń lọ wo yàrá yẹn lọ́la ní aago mẹ́sàn-án pẹ̀lú headphone.

Baba_Lapel

Mú kúbùsù méjì dání. Kí o sì béèrè ibi tí mọ́ṣáláṣí tó súnmọ́ jù wà, àti àkókò tí wọ́n máa ń pe ìrun.